Ìtàn Ìdámọ̀ Àwọn Ẹyẹ Òkun Tí Ó Jọra: Àpẹẹrẹ Ẹyẹ Freira ti Erékùṣù Madeira

Ìfáàrà

Láàrin gbogbo ẹyẹ tí ó ń fò lójú ọ̀run, ẹyẹ òkun wà lára àwọn tí ó ṣòro jù láti mọ̀ dunjú. Ìdí èyí kò fara sin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í wá sí ilẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin kí wọ́n sì tọ́ ọmọ. Òru sì ni àwọn mìíràn ń wọ inú ihò wọn kí ọ̀tá má baà rí wọn. Ìyókù ọdún, ojú omi ni wọ́n wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n níbẹ̀ yóò dúró nínú ọkọ̀ tí ó ń mì, yóò sì rí ẹyẹ náà fún ìwọ̀n ìgbà kúkúrú kí ìgbì tó bò ó mọ́ ọn lójú. Bí irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ bá tún wá jọ ara wọn bí ìbejì, iṣẹ́ ìdámọ̀ di iṣẹ́ ńlá.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe dá ẹyẹ òkun kan mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹyẹ náà ni Freira, tí ó ń pamọ lórí òkè ní erékùṣù Madeira, ilẹ̀ àwọn Pọtogí nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ohun tí iṣẹ́ yìí yóò fi hàn ni pé kì í ṣe ojú ni ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà, bí kò ṣe etí, àti oṣù tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń yé ẹyin. Orí ilẹ̀ ni a ti mọ ohun tí òkun fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ náà tó padà sójú omi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lọ. Nígbà tí ẹ̀yà ẹyẹ púpọ̀ bá ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, èyí tí ó kéré jù nínú wọn lè parun láìsí ẹni tí yóò fura.

Ìrísí àwọn ẹyẹ náà lójú òkun

Freira wà lára ọ̀wọ́ ẹyẹ òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pterodroma. Inú èdè Gíríìkì ni a ti mú orúkọ yìí, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí apá ẹyẹ àti èyí tí ó túmọ̀ sí eré sísá. Orúkọ náà bá wọn mu. Bí atẹ́gùn bá le, wọn kì í lu apá púpọ̀. Wọn a tẹ apá díẹ̀, wọn a gun òkè lọ fíofío, wọn a tún ṣẹ́rí wálẹ̀ títí dé ibi tí ìgbì ti ń ru, wọn a sì tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mẹ́ta nínú ọ̀wọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín. Èkíní ni Freira fúnra rẹ̀, tí ó ń yé ẹyin sí àárín òkè Madeira, níbi tí ó ga ju 1,600 mítà lọ sí òkun, ní agbègbè Pico do Arieiro. Èkejì ni ẹyẹ tí ó ń yé ẹyin ní Bugio, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù kéékèèké tí à ń pè ní Desertas, tí ènìyàn lè fi ojú rí láti ìlú Funchal. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ará Cape Verde ń pè ní Gon-gon, tí ibùgbé rẹ̀ jìnnà sí gúúsù. Ẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bí eérú. Ikùn wọn funfun. Abẹ́ apá wọn ṣú. Bí wọ́n bá na apá, àmì dúdú kan a hàn láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, tí ó rí bí lẹ́tà M.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò tó nǹkan. Gígùn Freira jẹ́ 32 sí 33 sẹ̀ǹtímítà, apá rẹ̀ méjèèjì tí ó bá nà sì jẹ́ 80 sí 86. Gon-gon jẹ́ 33 sí 36, apá rẹ̀ sì jẹ́ 86 sí 94. Àgógó Freira tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ẹyẹ Bugio ni ó nípọn jù. Bí a bá tẹ́ wọn sórí tábìlì, ẹni tí ó ní ìwọ̀n lọ́wọ́ lè tọ́ka sí ìyàtọ̀ wọn. Lójú òkun, níbi tí kò sí igi tàbí òkúta tí a lè fi díwọ̀n ohun tí ń fò, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kò já mọ́ nǹkan kan.

Orúkọ kan fún ẹyẹ púpọ̀, 1844 sí 1934

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbọn ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ẹyẹ òkun. Wọ́n a yin ẹyẹ ní ìbọn láti inú ọkọ̀, wọ́n a bó awọ rẹ̀, wọ́n a fi òwú kún inú rẹ̀, wọ́n a sì kó o lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù. Ní ọdún 1844, John Gould, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹ̀yà kan láti àwọn òkun ìhà gúúsù ayé ní orúkọ mollis. Ẹyẹ yìí pọ̀ gan-an ní ìhà ibẹ̀, ó sì jọ àwọn ti Àtìláńtíìkì tí a sọ̀rọ̀ bá lókè yìí. Nígbà tí ó di 1899, Tommaso Salvadori, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣe àpèjúwe ẹyẹ Cape Verde, ó sì fi orúkọ Leonardo Fea, arìnrìn-àjò tí ó kó o wá, sọ ọ́ ní feae.

Ní Madeira, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tí ó jẹ́ ará Jámánì, Ernst Schmitz, ń kó ẹyẹ jọ. Ní ọdún 1903 ni ẹyẹ òkè náà kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Schmitz mọ ẹyẹ erékùṣù náà ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní ìgbà ayé rẹ̀. Síbẹ̀, kò fura pé èyí yàtọ̀ sí ti àwọn erékùṣù Desertas.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pín wọn ni Gregory Mathews, ọmọ Ọsirélíà tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1934, ó yẹ àwọn awọ ẹyẹ tí a ti tọ́jú wò, ó sì fún ti orí òkè ní orúkọ madeira, ti àwọn Desertas ní deserta. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀ka ni ó pè wọ́n, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ mollis. Ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yà àti ẹ̀ka ṣe pàtàkì: ẹ̀ka méjì lábẹ́ ẹ̀yà kan lè pa ara wọn pọ̀ di ọ̀kan bí àyè bá gbà wọ́n, ẹ̀yà méjì kì í sáábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àléébù ìpín yìí kò hàn sí ẹnikẹ́ni nígbà náà. Níwọ̀n ìgbà tí Freira bá ń jẹ́ mollis, ara ẹyẹ tí ó kún òkun gúúsù ni a kà á sí. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé yóò rí i pé mollis pọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Kò sí ibi tí ìwé ti sọ fún un pé èyí tí ó wà lórí òkè Madeira lè má ju ìwọ̀nba lọ.

Ohùn lórí òkè, 1969

Awọ ẹyẹ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro náà wà. Ẹni tí ó bá mọ èdè Yorùbá lè fi ọ̀rọ̀ yìí wé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí a bá kọ wọ́n sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí wọn, ohun kan náà ni ojú ń rí; ẹni tí ó bá gbọ́ wọn lẹ́nu ni yóò mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Àwọn ẹyẹ mẹ́ta yìí rí bẹ́ẹ̀. Ní òru, nígbà tí wọ́n bá ń padà sí ihò wọn, wọn a máa ké, ohùn wọn a sì máa fà bí ti ẹni tí ń pohùn réré.

Paul Alexander Zino, oníṣòwò ní Madeira tí ó fẹ́ràn ẹyẹ, ni ó lo etí níbi tí àwọn mìíràn ti lo ojú. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohùn àwọn ẹyẹ Desertas tí a ti gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó gbé ohùn náà fún darandaran kan láti Curral das Freiras, abúlé tí ó wà láàrin òkè Madeira, láti gbọ́. Darandaran náà mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó ti ń gbọ́ ọ. Láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ìgbàgbọ́ wà pé igbe tí ń dún lórí òkè ní òru jẹ́ igbe ọkàn àwọn darandaran tí ó kú sórí òkè, tí wọn kò sì rí ìsinmi. Ní ọdún 1969, a tọ ohùn náà lọ, a sì rí ihò àwọn ẹyẹ náà lórí pàlàpálá àpáta.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ó yẹ kí á kíyèsí níhìn-ín ni pé ẹyẹ náà kò sọnù mọ́ àwọn ará òkè lọ́wọ́. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ní àlàyé tiwọn lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ni kò tíì bi wọ́n léèrè. Ìbéèrè Zino sì so ohun méjì pọ̀, èyí tí ó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà Schmitz: awọ tí kò lóhùn àti ohùn tí kò lára.

Láti ẹ̀ka dé ẹ̀yà

Lẹ́yìn tí a ti mọ ibi tí ihò wà, ó ṣeé ṣe láti mọ ìgbà tí ẹyin wà nínú wọn. Èyí ni ẹ̀rí kejì, ó sì lágbára ju ti ohùn lọ. Freira a máa yé ẹyin láti àárín oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹfà. Ẹyẹ Bugio kì í bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ti Cape Verde, ìgbà òtútù ni tirẹ̀, ní ìparí ọdún sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Nítorí náà, bí àwọn ará Madeira bá ń wo òkè wọn àti Bugio ní ọjọ́ kan náà, ẹyin ni ọ̀kan ń sàba lé lórí nígbà tí èkejì kò tíì yé rárá. Àwọn tí ó bá ń gbé ìyàwó ní àkókò ọ̀tọ̀ kò lè fẹ́ ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun tí ó pín wọn níyà kò fẹ̀.

Ní ọdún 1983, W. R. P. Bourne kọ àpilẹ̀kọ kan nínú èyí tí ó dábàá pé kí a ka ẹyẹ gúúsù, Gon-gon àti Freira sí ẹ̀yà mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ kan gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn mìíràn lọ́ra. Ní ọdún 2008, Francis Zino, ọmọ Paul Alexander, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tún kó ẹ̀rí jọ nínú ìwé àtìgbàdégbà Ibis láti ya madeira sọ́tọ̀ kúrò lára feae. Lórí ẹyẹ Bugio, ohùn àwọn onímọ̀ kò tíì ṣọ̀kan: àwọn kan ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, àwọn mìíràn ní ẹ̀ka feae ni.

Ìdí tí àríyànjiyàn yìí fi ṣe pàtàkì hàn nínú ohun tí a rí lórí òkè. Eku ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ koríko tí ó di ilẹ̀ ihò mú. Ní ọdún 1986 ni iṣẹ́ ìdáàbòbò Freira bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, a sì dẹ májèlé fún eku yí àwọn ihò ká. Ní ọdún 1991, ológbò pa àgbà ẹyẹ mẹ́wàá. Bí ẹyẹ mẹ́wàá bá kú nínú mollis ti òkun gúúsù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí a ka fún Freira kò tó 100 takọtabo, ẹyin kan ṣoṣo ni takọtabo kọ̀ọ̀kan sì ń yé lọ́dún. Lẹ́yìn èyí ni a dẹ pàkúté fún ológbò. Ọgbà ìjọba Madeira ra ilẹ̀ tí ó tó 300 hẹ́kítà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, a sì kó ẹran ọ̀sìn kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, iná jó orí òkè náà. Ó pa àgbà ẹyẹ mẹ́ta àti nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí ó wà nínú ihò. Ní ọdún yẹn kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ṣe nítorí pé ẹyẹ náà ti ní orúkọ tirẹ̀.

Ìpadàbọ̀ sí ojú òkun

Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀. Ìwé tí ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbára lé kò pọ̀. W. B. Alexander ti ṣe ìwé atọ́nà kan, Birds of the Ocean, ní 1928; ní 1983, ọdún kan náà pẹ̀lú àpilẹ̀kọ Bourne, Peter Harrison gbé ìwé Seabirds jáde, èyí tí ó kún fún àwòrán àwọn ẹyẹ òkun gbogbo ayé. Ìwé wọ̀nyí ran ojú lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè mú kí ẹyẹ dúró.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí rí ẹyẹ irú èyí tí ń kọjá lọ, àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹyẹ níbẹ̀ ṣe ohun tí ó yẹ kí á yìn wọ́n fún. Wọn kò fi dandan mú orúkọ kan. Wọ́n kọ orúkọ méjèèjì pọ̀, ti Fea àti ti Zino, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó láti sọ èyí tí ó jẹ́. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pa irọ́ mọ́ òkun. Ẹni tí ó bá wá lẹ́yìn lè tún un yẹ̀ wò.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni kámẹ́rà ìgbàlódé, èyí tí ó lè ya àwòrán púpọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 2010, Hadoram Shirihai, Vincent Bretagnolle àti Francis Zino gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí a ṣe lè dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ lójú òkun. Wọ́n lo àwòrán àwọn ẹyẹ tí a yà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pamọ, èyí tí kò sí iyè méjì lórí ẹ̀yà wọn, láti kọ́ bí a ṣe lè ka àwọn tí a yà ní àárín omi. Àgógó tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tí ó nípọn ṣeé wọ̀n lórí àwòrán. Ọ̀pọ̀ Freira ní ìlà funfun lábẹ́ apá. Ó ṣọ̀wọ́n lára àwọn yòókù.

Àmì mìíràn tún wà tí ó so òkun mọ́ ilẹ̀ tààrà. Ẹyẹ òkun kì í fẹ́ pààrọ̀ ìyẹ́ apá rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tọ́ ọmọ, nítorí ó nílò gbogbo agbára apá láti wá oúnjẹ. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bá ti fò. Bí ọmọ Freira bá fò ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí ti Bugio sì dúró di ìparí ọdún, kò yẹ kí ìyẹ́ wọn máa já ní oṣù kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí àlàfo nínú apá ẹyẹ lórí àwòrán, tí ó sì mọ ọjọ́ tí a yà á, lè mọ erékùṣù tí ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ náà ti wá. Kàlẹ́ńdà tí a kọ́ lẹ́nu ihò ni a ń kà lára apá.

Àpẹẹrẹ kejì láti New Zealand

Kí a má baà rò pé Madeira nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí a wo apá kejì ayé fìrí. Ní ọdún 1827, ọkọ̀ Astrolabe, tí Dumont d'Urville jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kọjá ní New Zealand. Àwọn ará Faransé tí ó wà nínú rẹ̀ kó ẹyẹ kékeré kan, irú èyí tí àwọn atukọ̀ so orúkọ wọn mọ́ ìjì. Awọ mẹ́ta péré ni ó wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mathews kan náà tí a ti dárúkọ ni ó fún un ní orúkọ maoriana ní 1932. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tí ó gbà sì rò pé ó ti parun.

Ní oṣù kìíní ọdún 2003, a ya àwòrán ẹyẹ kan lójú òkun nítòsí Whitianga, nígbà tí a sì fi wé àwọn awọ náà, ó bá wọn mu. Ọdún mẹ́wàá ni ó tún gbà kí a tó mọ ibi tí ó ń yé ẹyin. Ní 2013, a so ẹ̀rọ kékeré tí ń fọhùn mọ́ àwọn ẹyẹ tí a mú lójú òkun, a sì tọ̀ wọ́n dé erékùṣù Te Hauturu-o-Toi. A ti kó ológbò tán ní erékùṣù yẹn ní 1980, a sì pa eku ibẹ̀ tán ní 2004. Nítorí àwọn ẹyẹ mìíràn ni a ṣe é. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé maoriana wà níbẹ̀. Ní Madeira, ìmọ̀ ni ó ṣáájú ìdáàbòbò. Ní New Zealand, ìdáàbòbò ni ó ṣáájú, bóyá òun náà ni kò sì jẹ́ kí ẹyẹ náà parun kí ìmọ̀ tó dé. Àpẹẹrẹ kejì yìí kò tako ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kò yẹ kí a fi ààbò falẹ̀ títí orúkọ yóò fi dé.

Àgbálọgbábọ̀

Láti inú àgbéyẹ̀wò yìí, kókó mẹ́ta ni ó jáde. Èkíní, ojú nìkan kò tó láti mọ àwọn ẹyẹ òkun tí ó jọra. Ohùn wọn àti àkókò ẹyin wọn ni ó kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ wọn hàn, lẹ́yìn náà ni ojú tó mọ ohun tí ó yẹ kí ó máa wá. Èkejì, ìmọ̀ darandaran àti ti onímọ̀ ni ó pàdé kí iṣẹ́ náà tó yọrí. Bí ọ̀kan bá dá wà, kò lè dé ibi tí a dé. Ẹ̀kẹta, orúkọ àjùmọ̀jẹ́ a máa bo ewu mọ́lẹ̀. Láàrin 1934 àti 1983, ìwé ka Freira mọ́ ara ẹ̀yà tí ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ eku ń jẹ ẹyin rẹ̀ lórí àpáta.

Títí di òní, iye Freira kò pọ̀, ẹyẹ Bugio sì ń kọjá lójú omi kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí àwòrán kò bá ti mọ́lẹ̀ tó, orúkọ méjèèjì ni ó tọ́ kí á ṣì máa kọ sílẹ̀.